Ìwé Tí Ìyàwó Mi Mu

Ìṣojú mi yìí ló ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n wá sọ fún mi, kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lójúde ẹnìkan. Àwọn kan wà ní agboolé wa títí di òní tí wọ́n ń sọ pé mi ò sí níbẹ̀, pé èmi ni mo lọ wá mọ́tò, pé kí n tó dé, gbogbo rẹ̀ ti parí. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Àbúrò mi ló lọ wá mọ́tò. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá láti ìgbà tí ìrora ti mú ìyàwó mi títí tí a fi gbé e wọ inú odò, n kò sì ṣẹ́jú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, ẹ bi í pé níbo lòun dúró sí lọ́jọ́ náà.

Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni tíṣà kan tó háyà yàrá nílé mi ní Ìwó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó síwájú ilé mi, wọ́n ń jiyàn lórí ìwé. Wọ́n ní kí oníkálukú dárúkọ ìwé kan ṣoṣo tó fẹ́ràn jù láyé, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n dárúkọ ti òyìnbó, wọ́n dárúkọ ti Yorùbá, ariwo wọn gba àdúgbò kan. Nígbà tó yá, tíṣà yìí yíjú sí mi, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá onílé, ẹ̀yin ńkọ́? Ìwé wo ni tiyín? Àbí ìwé owó iná?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé iwájú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ni wọ́n jókòó sí.

Mo ní, "Ìwé tèmi, ìyàwó mi ti mu ún."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni.

Ìwé kejì ni mo kà dé kí wọ́n tó mú mi kúrò ní ilé-ìwé. N kò fi pamọ́. Lẹ́tà òyìnbó tí mo fi ń kọ èyí, ara pátákó ojú títì ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rìn káàkiri Ìwó, kí ẹ máa ka ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ẹ wá béèrè pé ọwọ́ bíríkìlà wo ló mọ wọ́n. Èmi kì í gbé okùn ìwọ̀n sára ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilé kéwú pẹ̀lú, kò sẹ́ni tó ń bá mi dù ú. Ká tó fi wàláà, pátákó tí a fi ń kọ́ kéwú, sílẹ̀ lọ jẹun, mo ti há tèmi sórí, mo sì ti ń fi àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi ń wá ẹni tí yóò kọ́ ní kíka ìwé bàbá rẹ̀, èmi ló mú.

Bàbá bàbá mi ló kọ ìwé náà. Oníṣòwò obì ni. Ó máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìwó, gba Ògbómọ̀ṣọ́, gba Ìlọrin, títí dé ilẹ̀ Haúsá, obì lórí, ìwé ní èjìká. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́nà ló ń kọ. Yorùbá ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéwú ló lò, nítorí pé lẹ́tà tó mọ̀ nìyẹn. Wọn kò gán ìwé náà, wọn kò lẹ̀ ẹ́. Ogójì ewé tákàdá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú gàfáká, àpò awọ tí àwọn àáfà ayé àtijọ́ fi ń gbé ìwé kọ́ èjìká. Bí ọyẹ́ bá ti dé, bàbá mi á tú wọn jáde, a óò sá wọn sórí ẹní nínú oòrùn nítorí kòkòrò. Mo gbọ́dọ̀ tò wọ́n padà létòlétò. Bí ewé kan bá ṣìnà, bàbá bàbá mi á dé Ìlọrin kó tó kúrò nílé.

Àwọn tó gbọ́ kéwú ní agboolé wa a máa gbà á wò. Wọ́n á wá Lárúbáwá tì nínú rẹ̀. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Èyí jinlẹ̀." Wọ́n á dá a padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. N kò ṣàlàyé fún wọn. Mo jẹ́ kó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Eyín kan wà tó dun bàbá bàbá mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin. Ọ̀rẹ́ ìrìn-àjò rẹ̀ kan wà tó ń hanrun débi pé àwọn ajá ìlú àlejò ń gbó o. Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ewé tí wọ́n fi di obì kó má baà rọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwé kíwèé lọ nìyí: bàbá mi kò sọ ọ́ rí létí mi pé ẹ̀rù ba òun. Kò sí ọkùnrin kan ní agboolé wa tó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Èmi gan-an kì í sọ ọ́. Bàbá bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù bà mí lánàá nínú igbó. Mo di ẹrù obì mú bí ẹni di ọmọ mú." Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, mo wo bàbá mi lójú. Ó ní kí n máa kà lọ.

Nígbà tí bàbá mi kú, gàfáká bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Abà wa tó wà lọ́nà Kuta ló ń gbé, òun ló ń bójú tó obì. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo wa. Bó bá pariwo mọ́ ọ, o lè sùn. Bó bá dákẹ́ ni kí o dìde.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí àwọn sójà tó padà gbàjọba. Àsìkò àrọ̀kúrò òjò ni, a wà ní abà, à ń bó obì. Oyún wà nínú ìyàwó mi, a rò pé oṣù rẹ̀ kò tíì pé. Ní ìdájí, ìrora mú un. Ìyá Àgbà tó ti gbẹ̀bí fún gbogbo abà àyíká wọlé tọ̀ ọ́, ó ń ṣe àwàdà, ó ń pè é ní ọ̀lẹ. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, ó fọwọ́ wọ́ ikùn rẹ̀ láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Mo dìde.

Ó ní, "Ọmọ yìí dábùú."

Mo ní kí àbúrò mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kuta, kó lọ bá mi wá mọ́tò, èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ti ẹlẹ́ran. Ọsibítù tó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Ìwó ló wà. Afárá igi ló wà lórí odò ìsàlẹ̀ abà wa, ó gun kẹ̀kẹ́ gorí rẹ̀ kọjá. Kò ju kó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ tí òjò fi dé. Kì í ṣe òjò tó ń kí ènìyàn. Láti ẹnu ọ̀nà tí mo dúró sí, mo ń wo odò náà bó ṣe ń pọ́n, tó ń wú, títí tí n kò fi rí afárá mọ́.

Ìyá Àgbà pè mí láti inú yàrá. "Gbé gàfáká bàbá mi fún mi."

Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ní ilẹ̀ wa, bí ara ènìyàn kò bá yá, àáfà á kọ ẹsẹ Kùránì sára wàláà, wọn á fi omi fọ̀ ọ́, wọn á sì mu omi náà. Hàntú là ń pè é. Kò sí àáfà ní abà. Lẹ́tà kéwú tó wà ní abà, inú gàfáká ló wà.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Kùránì ló wà nínú ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ obì ni."

"Ta ló bi ọ́?"

"Yorùbá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Eyín dídùn wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà."

"Kí ló wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan?"

"Bísímílà ni."

"Bísímílà ti wá di ọ̀rọ̀ obì lẹ́nu ẹ?"

Lóòótọ́, bàbá bàbá mi kò bẹ̀rẹ̀ ewé kan rí láì kọ Bísímílà. Mo gbé gàfáká wá.

Ó gbé ewé àkọ́kọ́ sínú abọ́, ó bu omi òjò sí i, ó fi ìka rọra ń fọ̀ ọ́. Tàdáà, yíǹkì kéwú tí wọ́n fi ewé àti èédú po, kì í janpata pẹ̀lú omi. Ìlà àkọ́kọ́ ṣí, ó di èéfín, ó tàn ká. Ewé tí bàbá bàbá mi fi dágbére fún ilé ni. Ìṣojú mi ni bàbá bàbá mi ti jáde ní Ìwó, tó sì wọ inú abọ́. Omi náà pọ́n bíi tíì. Tákàdá di òfìfo. Ìyàwó mi mu ún.

Kò sí ohun tó yí padà. Ìyá Àgbà fọ ìkejì, ó fún un mu.

Ìyàwó mi wò mí láti orí ẹní. Òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. "Kí lẹ ń wò bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ mu níbẹ̀ ni?"

"Rárá o."

"Kí ni mo mu tán yẹn?"

Mo wo Ìyá Àgbà, mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Eyín dídùn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìrora sì ká a mọ́ àárín ẹ̀rín. Nígbà tó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ìyá wa, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fún mi ní eyín dídùn mọ́. Èyí tó wà lára mi ti tó mi."

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó na ewé kẹta sí mi. "Kà á kí n tó fọ̀ ọ́. Kó mọ ohun tó ń mu."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n lè rí ìmọ́lẹ̀, mo fi ohùn tí bàbá mi fi kọ́ mi kà á, mo sì rí i pé ìyàwó mi ń di ohùn náà mú. Bí mo bá dákẹ́, á ní kí n máa kà. Mo ka ti ọ̀rẹ́ tó ń hanrun. Wọ́n fọ̀ ọ́, ó mu ún. Mo ka ti bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ewé obì. Wọ́n fọ̀ ọ́, ó mu ún. Mo ka ti ẹ̀rù tó ba bàbá bàbá mi nínú igbó. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi láì wo ojú mi. Ìyàwó mi mu ìyẹn náà. Ewé karùn-ún nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé abọ́ mọ́, àwa ni à ń gbé e sí i lẹ́nu.

Òjò dá. Mo gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀. Àbúrò mi ni, ó wà lódìkejì odò, píkọ́ọ̀pù kan dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Mọ́tò ti dé o! Afárá ti lọ!"

Mo kígbe pé kó ní kí dírẹ́bà dúró. Ó yíjú, wọ́n jọ sọ̀rọ̀, ó tún kígbe. "Ó ní bí ilẹ̀ bá ń ṣú òun ò ní dúró o! Ó ní ọ̀nà ń yọ̀!"

Mo wo odò náà níbi tí afárá wà tẹ́lẹ̀. Ó há níbẹ̀, ó dákẹ́, ó ń lọ kíákíá, igi odindi ń gbabẹ̀ kọjá bí ẹni pé wọ́n ń fà á. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn mi, ìyàwó mi kò kérora mọ́. Ó ń mí bí ẹni tó ń sáré ní ọ̀nà jíjìn.

Ìyá Àgbà na ewé kẹfà sí mi. "Kà."

N kò fẹ́ kà mọ́. Mo fẹ́ fọ nǹkan mọ́lẹ̀. Mo kà á nítorí pé òun ló ní kí n kà.

"Bísímílà. A dé etí odò kan, ó kún, ẹrù wà lórí, obì sì ń gbóná. Ará ibẹ̀ kan ní, ẹ̀yin ará Ìwó, ẹ kò mọ odò. Ibi tó bá ti há, tó dákẹ́, ibẹ̀ ló ti ń pani. Ẹ máa gba òkè lọ títí tí ẹ ó fi gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí àpáta. Ibi tó bá ti fẹ̀, tó ń pariwo, ibẹ̀ ni kò ti jìn. A gba òkè lọ. Omi kò kọjá itan. Omi kò kan obì kankan."

Ọdọọdún ni mo ń ka ewé yìí nínú oòrùn, tí mo ń tò ó sáàárín karùn-ún àti keje. N kò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ. Lókè odò wa, àpáta kan wà tí àwọn obìnrin ti ń fọ aṣọ. Mo sinmi ẹnu, mo tẹ́tí. Mo ń gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ìyá Àgbà ti na ọwọ́ láti gba ewé náà. Mo di í mú. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí àgbà ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi tí n kò fi sílẹ̀.

"O ò ní fún un mu?"

"Èyí kì í ṣe mímu, Ìyá Àgbà. Rírìn ni."

Mo ká a, mo kì í sínú fìlà mi, mo de fìlà mọ́rí. Mo yọ ilẹ̀kùn yàrá kúrò lára ògiri pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo kígbe sí àbúrò mi pé kó gba ibi àpáta aṣọ sọdá wá. Ó ní ṣé orí mi pé. Mo ní kó sọdá wá. Mo wò ó bó ṣe wọ omi, ó dé orúnkún, ó dé itan, ó dúró níbẹ̀, kò lọ sókè mọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

A tẹ́ ìyàwó mi sórí ilẹ̀kùn. Èmi wà níwájú, àbúrò mi wà lẹ́yìn. Ìyá Àgbà gbé gàfáká lé orí, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó fi èkejì di etí ilẹ̀kùn. Mo ní kó dúró sí abà. Ó ní kí n wo iwájú mi.

A ti kọjá àárín odò nígbà tí ẹ̀ka igi kan já wá láti òkè, ó gbá àbúrò mi ní ìbàdí. Orúnkún rẹ̀ kan yẹ̀. Ilẹ̀kùn dà sí apá kan, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sínú omi. Mo yíjú. Mo rí Ìyá Àgbà tó fi gàfáká orí rẹ̀ sílẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ìyàwó mi mú ní abíyá, tó ń fà á padà, tó ń ké pe Ọlọ́run pẹ̀lú orúkọ tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Gàfáká bọ́ sínú omi. Kò rì lójú ẹsẹ̀. Ó léfòó, ó yí bírí, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Bí mo bá na ọwọ́ ni, ǹ bá bà á. Ọwọ́ tí ǹ bá nà ni mo fi di ilẹ̀kùn mú.

Ìyàwó mi rí ibi tí ojú mi lọ. Ó ní, "Ẹ má wò ó."

N kò wò ó mọ́.

Nígbà tí a gbé e sínú píkọ́ọ̀pù, dírẹ́bà ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ọ̀nà wo lẹ gbà?" A sọ ilẹ̀kùn sétí odò. Wọ́n gbé ìyàwó mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní Ìwó kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Nọ́ọ̀sì kan jáde lẹ́yìn náà, ó ní obìnrin ni ọmọ náà, pé ìyá rẹ̀ wà láàyè, pé bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni òun ì bá máa sọ.

Ìyá Àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan, èkejì ti bá odò lọ. Mo jókòó tì í. Inú ń bí mi.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ obì ni, Ìyá Àgbà. Mo sọ fún yín."

Ó ní, "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀? Èmi ni mo po tàdáà rẹ̀. Ọmọdébìnrin ni mí nígbà náà. Bó bá ti ń kọ ọ́ ni yóò máa kà á sí mi létí. Eyín yẹn, ìṣojú mi ni wọ́n ti yọ ọ́ nígbà tó dé."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

Ó ní, "Obìnrin fẹ́ẹ́ kú síwájú mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi nìkan ni mo ní lọ́wọ́. Kí ni mo tún fẹ́ fún un?"

Ní agboolé wa, wọ́n ní hàntú ló gbẹ̀bí ọmọ náà, pé ìwé tó jinlẹ̀ ni. Ìyá Àgbà kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, títí ó fi kú. Èmi ti sọ ohun tí mo rí. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé-ìwé báyìí, ẹnu rẹ̀ sì mú. Àwọn ẹbí ní èmi ló fi jọ. Mo ní rárá, ìwé tí ìyá rẹ̀ mu ló fi jọ.

Tíṣà ní kí n sọ ìwé tí mo fẹ́ràn jù àti ìdí rẹ̀. Ẹ bá mi fi èyí hàn án.

Ewé ogójì ló wà nínú gàfáká náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyàwó mi mu márùn-ún. Odò gbé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ. Gàfáká kan lọ. Ilẹ̀kùn kan, a kò bá a níbi tí a sọ ọ́ sí. Bàtà kan, ti ẹsẹ̀ òsì. Ewé kan ló kù, ó wà lọ́dọ̀ mi. Ènìyàn, kò sí èyí tó bá odò lọ.